Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Tí Ọmọ Mi Lè Mu

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàdo tí o rẹ láti fi pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ohun mímu àgbàdo àwọn ìyá wa, ti hù tó, ju hóró kan sẹ́nu kí o rún un. Àgbàdo tí kò tíì hù dà bí ìyẹ̀fun lásán lẹ́nu. Èyí tó ti wà lábẹ́ ewé fún ọjọ́ mẹ́rin, tí ẹ̀hù rẹ̀ ti ń gùn bọ̀ bí hóró náà fúnra rẹ̀, ti rọ̀. Bí eyín bá bà á, oje funfun á tú jáde, òórùn koríko tútù ni yóò kọ́kọ́ kan imú rẹ, lẹ́yìn náà ni adùn á wá rọra dé sórí ahọ́n. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ èyí. Ìyá tó bí ìyá mi ti mọ̀ ọ́n kí ó tó mọ bí a ṣe ń di gèlè.

Nítorí ọmọ mi obìnrin ni mo ṣe kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ó ń rù, ikùn rẹ̀ ń wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tó, bó bá sì ti ilé ìwé dé, orí àga ni yóò sùn sí tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Mo rò pé aràn ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fún un lóògùn aràn. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa se ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́ fún un, mo ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò yàtọ̀. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó sọ ohun tó ń ṣe é fún wa.

Coeliac ni wọ́n ń pè é. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní gluten, ó wà nínú àlìkámà, nínú ọkà báálì àti nínú ọkà òyìnbó mìíràn tí wọ́n ń pè ní rye. Gluten yìí ló ń mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì fà bí rọ́bà nígbà tí a bá ń pò ó. Bí ẹni tó ní coeliac bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á dìde ogun sí ìfun ara rẹ̀, àwọn irun tín-ínrín tó wà nínú ìfun, àwọn tó ń gba èròjà oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ dànù. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè jẹun yó kó sì máa rù. Kò ní oògùn àfi kí a yẹra fún gluten títí ayé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, bí ẹni 1 nínú 100 ló ní in, bí òbí tàbí ọmọ ìyá ẹni bá sì ní in, ó tó 1 nínú 10. Bí o bá ń ka èyí tí o sì ń fura sí ọmọ tìrẹ, jọ̀wọ́, má ṣe tíì yọ búrẹ́dì kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò. Bí o bá yọ ọ́, àyẹ̀wò náà lè má rí nǹkan kan, wàá sì padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà àwọn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Netherlands, Willem Dicke, wà lára àwọn tó jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé àlìkámà ló ń fa ìyọnu náà. Ó ti ń fura sí i ṣáájú ogun àgbáyé kejì. Nígbà tí ebi mú ní orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 1944 wọ 1945, tí kò sí búrẹ́dì, ara àwọn ọmọdé tó ń tọ́jú, tí wọ́n ní àìsàn yìí, ń yá sí i nígbà tí ebi ń pa gbogbo ìlú. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà dé. Mo máa ń rántí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn bí mo bá dúró níwájú pẹpẹ búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù.

Ilé wa kọ́kọ́ fara balẹ̀. Ó ṣe tán, oúnjẹ Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ nílò àlìkámà. Iyán kò ní in, àmàlà kò ní in, ẹ̀kọ, ẹ̀bà, mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì, kò sí èyí tó ní in. Sẹ̀mó ni a kọ́kọ́ lé jáde, nítorí àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo ń yọ̀ pé a ti rí ọ̀nà àbáyọ.

Àfi ọjọ́ ìkómọ kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo ti se oúnjẹ tirẹ̀ dání nínú kúlà kékeré. Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó wà lórí tábìlì wa. Mo dìde lọ kí ìyá ìkókó. Kí n tó padà dé, ìyá àgbàlagbà kan tó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ti ṣí mọ́ọ̀tì fún un, ó tutù, ó ń hó lójú, ọmọ sì ti gbé e dé ìdajì. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kì í mu ún o." Ìyá náà ní, "Ẹlẹ́rìndòdò lásán ni, ìyàwó. Ṣé búrẹ́dì wà nínú ìgò ni?" Èmi náà kò mọ ohun tí mo fẹ́ dáhùn. N kò ka ara ìgò mọ́ọ̀tì rí láyé mi. Ta ní ń kà á? Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mọ́ọ̀tì ti wà níbi gbogbo ìnáwó. Òun ni wọ́n ń fún aboyún, wọ́n á bu mílíìkì sí i, wọ́n á ní ó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Òun ni wọ́n ń gbé lọ kí aláìsàn.

Lóru ọjọ́ yẹn ọmọ mi bì títí kò fi sí nǹkan kan mọ́ nínú ikùn rẹ̀. Mo gbé ìgò òfìfo kan tí mo mú bọ̀ sábẹ́ iná ilé ìdáná, mo ka lẹ́tà wínniwìnni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Báálì ni ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé omi.

N kò bínú sí ìyá yẹn. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ohun tó dùn mí ni ojú tí ọmọ mi fi wò mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé n kò ní mu ohun tí gbogbo èèyàn ń mu mọ́ ni?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé kiri. Mo wá rí i pé mọ́ọ̀tì kì í ṣe orúkọ ohun mímu rárá. Orúkọ ọkà tí wọ́n mú kó hù, tí wọ́n sì gbẹ, ni. Ọkàkọ́kà ni a lè mú kó hù. Bí hóró bá ti ń mura láti di igi, yóò ṣe èròjà kan nínú ara rẹ̀ tí yóò máa sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà, kí ọ̀mùnú lè rí nǹkan jẹ kí ewé rẹ̀ tó yọ. Àwa èèyàn kàn ń jí ṣúgà yẹn kó ni. Àwọn ará Yúróòpù ń jí ti báálì kó, nítorí báálì ni ilẹ̀ wọn ń hù. Ilẹ̀ wa kì í hu báálì. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá.

Nígbà kan, ọkọ̀ náà dúró. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1987, ìjọba ológun Bàbáńgídá fòfin de àlìkámà tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun. Ní 1988, ó kan báálì tí àwọn ilé iṣẹ́ ọtí ń lò. Àwọn ilé iṣẹ́ náà sáré padà sídìí ọkà bàbà àti àgbàdo, ọtí àti mọ́ọ̀tì kò sì tán lọ́jà. Mo kéré nígbà náà, ọ̀wọ́n búrẹ́dì nìkan ni mo rántí. Nígbà tó di àárín ọdún 1990 sí 1999, ilẹ̀kùn ti ṣí padà fún àlìkámà, báálì náà sì padà wọlé. Títí dòní, ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀tì ni wọ́n ń po ọkà bàbà pọ̀ mọ́ báálì láti ṣe. Nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "ọkà bàbà wà nínú rẹ̀" tàn yín. Bí báálì bá ti wà níbẹ̀, bó ṣe wù kó kéré tó, tí wọ́n sì pọn ọ́n títí, ẹni tó ní coeliac kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Pípọn kì í pa gluten rẹ́. Ohun tí àjọ Codex tó ń ṣe òfin oúnjẹ fún gbogbo àgbáyé fọwọ́ sí ni pé kí gluten inú ohun tí a bá pè ní aláìní-gluten má kọjá mílígíráàmù 20 nínú kílò kan. Ìyẹn kò tó nǹkan rárá.

Bí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bá lè fi ọkà ilé pọn ọtí nígbà tí ìjọba fipá mú wọn, àwọn ìyá wa ti ń ṣe é láìsí ẹni tó fipá mú wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti sọ sí mi lọ́kàn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Oǹdó. Màmá Oǹdó ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

"Kú ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé kò sí o? Ṣé ara ọmọ ti le?"

"Ó ti le, Màmá. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni mo fẹ́ bi yín. Bí ẹ ṣe máa ń pọn ọ́n."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́! Ní Lọ́ńdọ̀nù! Ta ló tún ń mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́? Àwọn ọmọ ibí gan-an kò mọ ojú rẹ̀ mọ́."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà èwe wọn, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ọtí obìnrin, òun ni wọ́n fi ń ṣe àlejò, òun ni wọ́n ń gbé lọ sí oko fún àwọn tó bá bá ni ṣe àáró. Ní Òṣogbo, ó wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun, òun àti ẹ̀fọ́ yánrìn. Lẹ́yìn náà ni ìgò dé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ bí ohun tí ẹni tí kò lówó ń mu. Èmi náà wà lára àwọn tó wò ó bẹ́ẹ̀. Mo rántí pé lọ́jọ́ kan tí mo wà ní ilé ìwé gírámà, ìyá àgbà bu ún sínú ahá fún mi, mo ní kí wọ́n fún mi lówó kí n fi ra kóòkì. Wọ́n fún mi lówó náà. Wọn kò sọ nǹkan kan.

Màmá Oǹdó kà á fún mi bí ẹní ń ka oríkì. Ṣa àgbàdo, kí o yọ gbogbo èyí tó ti bu àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì, máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, da àgbàdo lé e, fi ewé bò ó, máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá hù, sá a sóòrùn kó gbẹ ganrangan. Lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kó má kúnná bí èlùbọ́. Fi omi tútù pò ó, kí o wá máa bu omi híhó lé e lórí. "Títí dìgbà wo, Màmá?" "Títí ìka rẹ á fi lè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní lè dúró níbẹ̀." Kí n dé e, kí n fi aṣọ wé ìkòkò náà bí ọmọ tuntun, kí n máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni kí n sè é, kí n jẹ́ kó tòrò, kí n sẹ́ ẹ, kí n tún sè é lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá fẹ́ kó di ọtí, kí n gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. "Ìṣà tí a fi ń pọn ọ́n, a kì í fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Inú ara rẹ̀ ni ohun tó ń mú un hó wà." Bí ó bá jẹ́ ti ọmọdé, ti ọjọ́ kìn-ín-ní ni kí n bù fún un, nígbà tó ṣì dùn, tí kò tíì ní agbára kankan.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùnà.

Ti àkọ́kọ́, àgbàdo tí mo rà kò hù. Ó ti pẹ́ jù, tàbí kí wọ́n ti fi iná gbẹ ẹ́ kọjá àlà. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń wọ́n omi sí òkú. Ti ẹ̀ẹ̀kejì hù, ṣùgbọ́n òtútù ilé wa kò jẹ́ kó yára, ní ọjọ́ kẹfà mo rí àwọ̀ ewéko kan tó bò ó bí òwú. Ọkọ mi ní kí n fọ̀ ọ́ kí n sì sè é dáadáa. Mo dà á nù pátápátá. Májèlé tí irú ohun tó ń bu lára àgbàdo àti ẹ̀pà máa ń ṣe, iná kì í pa á. Bí àgbàdo rẹ bá bu, má ṣe dá a sí.

Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, àgbàdo tí wọ́n fi ń ṣe gúgúrú ni mo rà, kílò 1. Ẹ má ṣe lo àgbàdo ìgbìn tí wọ́n ti fi oògùn aláwọ̀ pupa pa lára o. Mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí àgbá omi gbígbóná ilé wa wà, ibẹ̀ ló móoru bí Oǹdó. Ní ọjọ́ kẹrin ó ti hù wẹ́kú. Kò sí oòrùn, nítorí náà inú ààrò ni mo ti gbẹ ẹ́, mo fi iná rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ jù lọ, mo sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀. Mo lọ̀ ọ́. Mo pò ó. Nígbà tí mo bu omi híhó lé e tán, mo tọ́ ọ wò, ògì lásán ni, kò dùn, ó kì. Mo ki ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru bọ̀ ọ́, ó jẹ́ 64 lórí ìwọ̀n Celsius. Mo wé e. Mo lọ fọ aṣọ.

Nígbà tí mo padà dé, tí mo ṣí i, ohun tó kì ti ṣàn. Mo fi ṣíbí bù ú. Ó dùn. N kò bu ṣúgà sí i, n kò bu oyin sí i, àgbàdo àti omi nìkan ni, ó sì dùn. Mo jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, omijé sì bọ́ lójú mi. Ìyá àgbà àti ahá ọwọ́ wọn ni mo rí.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ òótọ́: ọmọ mi tọ́ ọ wò, ó ní ó dára, àmọ́ "kò jọ ti àwọn yòókù." Àwọ̀ rẹ̀ funfun ràkọ̀ràkọ̀. Mọ́ọ̀tì dúdú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fẹ́ kí ohun tó wà lọ́wọ́ òun jọ tẹgbẹ́.

Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Ewe láti ìhà Ho ní Gánà ló yọ wá. Mo bu díẹ̀ fún un, ó gbé e sẹ́nu, ó pariwo, "Liha nìyí!" Láàrin àwọn Ewe ní Gánà àti Tógò, liha ni wọ́n ń pe ohun mímu àgbàdo híhù yìí. Àwọn Akan ń pè é ní asaana, àwọn Ga ní nmedaa. Ó ní ti tèmi pé, àfi pé n kò tíì jó ṣúgà sí i. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó bọ́ sídìí iná. Ó da ṣúgà sínú ìkòkò gbígbẹ, ó jẹ́ kó yọ́, kó pọ́n, kó dúdú, kó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín díẹ̀, ó ní kí n sún sẹ́yìn, ó bu omi lé e, ó hó ṣààà. Ó wá dà á sínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mi. Ó di àwọ̀ mọ́ọ̀tì gan-an, ó sì ní ìkorò díẹ̀ lábẹ́ adùn rẹ̀. Ọmọ mi mu ife méjì, kò sọ nǹkan kan, ó kàn na ife rẹ̀ síwájú fún ẹ̀ẹ̀kẹta.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá mi lóhùn pé kí ni ẹ ń mu nílé yín. Ní Òkè-Ògùn àti ìhà Kwara, ọkà bàbà ni wọ́n ń lò, wọ́n ń pè é ní ọtíkà. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn gan-an ju ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lọ ní dídàgbà, nítorí ilẹ̀ Áfíríkà ni ọkà bàbà ti wá. Bí o bá fẹ́ fi ọkà bàbà ṣe tìrẹ, gbẹ ẹ́ dáadáa kí o sì fi ọwọ́ ra ẹ̀hù àti gbòǹgbò rẹ̀ dànù kí o tó lọ̀ ọ́. Májèlé kan wà nínú ẹ̀hù ọkà bàbà, irú èyí tó wà nínú gbágùúdá kíkorò. Ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ń pe tiwọn ní tchakpalo, ọkà bàbà tàbí àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é, ó dùn ju ọtí tchoukoutou tí wọ́n ń mu ní àríwá lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ni wọ́n fi ń ṣe àgàdàgídí ní ìhà Oǹdó, ìyẹn kò ní ọkà kankan nínú rárá.

Èyí tó mú mi jí lójú oorun ni ti Cuba. Ọ̀rọ̀ "ṣẹ̀kẹ̀tẹ́" ni mo ń wá kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóru, ni mo bá rí "chequeté". Ohun mímu àwọn Lucumí ni, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí erékùṣù yẹn, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn débẹ̀ lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Wọ́n ń bù ú fún àlejò níbi ọdún òrìṣà. Àwọn kan ń fi àgbàdo ṣe é, àwọn mìíràn ń fi ọsàn jàgànyìn àti ṣúgà pupa tàbí oyin. Àwọn tó kó wọn lẹ́rú gba orúkọ wọn lọ́wọ́ wọn, wọ́n gba èdè lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn, 1886 ni ìdè ẹrú tó já tán ní Cuba, síbẹ̀ orúkọ ohun mímu yìí kò kúrò lẹ́nu wọn. Èmi tí ẹnikẹ́ni kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi ni mo ní kí wọ́n fún mi lówó kóòkì.

Ilẹ̀ Mexico ni àgbàdo ti wá. Àwọn ará Yúróòpù ló gbé e la òkun dé etíkun wa, àwọn ìyá wa mú un, wọ́n ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe ọkà bàbà tiwọn, ó di ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Òkun yẹn kan náà ni wọ́n sì tún gbà kó ọmọ wọn lọ. Àgbàdo padà sí ìhà ibi tó ti wá, ó mú orúkọ Yorùbá dání.

Ní Brazil, aluá ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní èdè Kimbundu ti Àǹgólà ni orúkọ yẹn ti wá, kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n wọ́n ń bù ú ní àwọn ilé Candomblé, ìyẹn ilé ìsìn òrìṣà, ní ìpínlẹ̀ Bahia. Àgbàdo, ìrẹsì tàbí èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni, pẹ̀lú atalẹ̀ àti rapadura, ṣúgà ìrèké tó dì bí òkúta. Mo ti ṣe ti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ó rọrùn, ọjọ́ méjì péré ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá rìnrìn àjò lọ sí ìpínlẹ̀ Ceará ní Brazil náà béèrè kó tó mu, nítorí àwọn kan níbẹ̀ ń fi búrẹ́dì ṣe aluá.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀ nìyẹn. Orúkọ kan náà kì í ṣe ohun kan náà. Kùnú tí wọ́n ń tà ní Sábó, jéró ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ọmọ mi lè mu ún. Èyí tí wọ́n fi òfíò ṣe, òun náà dára. Ṣùgbọ́n kùnú alkama wà, alkama yẹn kò sì yàtọ̀ sí àlìkámà wa. Ẹ bi ìyá oníkùnú, kì í bínú. Ẹ bi í pẹ̀lú pé níbo ló ti lọ ọkà rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ àlìkámà fún òkèlè lórí rẹ̀, tí wọ́n wá da jéró sí láìfọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun tó kù sí ẹnu rẹ̀ tó láti dá ọmọ dùbúlẹ̀. Èmi ra ẹ̀rọ ìlọta kékeré tuntun fún ilé wa, n kò sì yá ẹnikẹ́ni. Asẹ́ náà tuntun ni. Wọ́n ń sọ pé mo ti le jù. N óò máa le bẹ́ẹ̀.

Níbi ọjọ́ ìbí rẹ̀ lóṣù tó kọjá, a ṣe lítà mẹ́wàá. A dà á sínú ìgò dúdú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ "ṢẸ̀KẸ̀TẸ́" sí ara wọn, ó ń bi mí pé àmì ohùn wo ló wà lórí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Kí wọ́n tó gé kéèkì ìyẹ̀fun ìrẹsì tí mo ṣe, ìgò ti tán. Ìyá kan bi mí pé níbo ni mo ti ra mọ́ọ̀tì yẹn.

Mo fi fídíò pe Màmá Oǹdó, mo fi ìgò kan tí díẹ̀ ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n gbé ojú sún mọ́ fóònù títí iwájú orí wọn nìkan ni a ń rí. Wọ́n ní, "Ó dúdú jù. Ta ló jó o?" Mo ní ọmọ Ewe kan ni. Wọ́n ní, "Hẹn-ẹn. Ṣé ó dùn?" Ọmọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ó dùn, Màmá Àgbà." Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó sọ láìjẹ́ pé mo rán an létí nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, a tún rẹ òmíràn. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ṣí aṣọ tútù kúrò lórí rẹ̀, mo wò ó, mo ní ó ti tó, mo fẹ́ máa gbé e lọ sínú ààrò. Ó sá wá láti pálọ̀, ó mú hóró kan, ó gbọn omi ara rẹ̀ dànù, ó jù ú sẹ́nu, ó dijú, ó ń rún un.

"Kò tíì tó, Mọ́mì."

Èmi náà mú ọ̀kan, mo rún un. Òótọ́ ni, koríko tútù ṣì pọ̀ ju adùn lọ nínú rẹ̀. Mo wọ́n omi sí i, a fi aṣọ bò ó padà, a sì gbé e padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.